Fóònù Kan, Sìpíkà Kan: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Ẹ̀rọ Kọ́ Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Láti Ka Yorùbá

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn kan kó táblẹ́ẹ̀tì wá fún wa lọ́jọ́ kan. Wọ́n sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ọ̀gá wa kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, ó tì í pa, torí ó mọ̀ pé bí ẹyọ kan bá sọnù, ọrùn òun ni yóò wà. Nígbà tí a óò fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ní táàmù kejì, bátìrì àwọn mìíràn ti wú. Kò sí ọmọ kankan tó fi wọ́n kàwé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí títí dòní kọ́ nìyẹn. Lọ́dún yẹn kan náà, mo ní àwọn ọmọ ní Pírámárì Kẹta tí wọn kò lè ka “Bàbá ra bàtà” kó já gaara, fóònù mi sì wà nínú báàgì mi lójoojúmọ́. N kò ronú kàn án rí pé ó lè bá mi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ Pírámárì Kìn-ín-ní sí Ìkẹta ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí kíláàsì yín kún, tí iná ìjọba kì í wá déédéé, tí dátà tí ẹ ń rà sì jẹ́ owó àpò ara yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà ni pé ẹ̀kọ́ ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, kí ẹ̀rọ tó wọlé tọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ ṣíwájú ẹ̀kọ́, owó ló ń ṣòfò. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Perú tí ó pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lábẹ́ ètò One Laptop per Child. Àwọn olùṣèwádìí Inter-American Development Bank yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2012 sì ni pé àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò fi ìṣirò tàbí kíkàwé ju àwọn tí kò gbà lọ. Ní Kisumu ní Kẹ́ńyà, wọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta wéra: táblẹ́ẹ̀tì fún àwọn alábòójútó tó ń bẹ kíláàsì wò, táblẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́, àti ẹ̀rọ ìkàwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, torí pé ìwé tó dára àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí owó rẹ̀ wọ́n jù, kò ta ìyókù yọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé

Ẹ má tíì tan nǹkan kan. Ẹ kọ ìtàn kúkúrú kan sórí páálí, kó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀rọ̀, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ nílé. Bí àpẹẹrẹ: “Àdùkẹ́ lọ sí odò. Ó gbé igbá dání. Ìgbà tó débẹ̀, omi ti gbẹ.” Ẹ pe ọmọ kan sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń kọ iṣẹ́, ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì ka iye ọ̀rọ̀ tó pè dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ bi í pé, “Kí ni Àdùkẹ́ gbé dání?” Ọmọ márùn-ún lójúmọ́ ti tó, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó ti gbọ́ gbogbo kíláàsì.

Ẹ pín wọn sí ipele nínú ìwé yín: ẹni tí kò tíì mọ lẹ́tà, ẹni tó mọ lẹ́tà tí kò lè pè é pọ̀, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń ka gbólóhùn tí kò yé e, àti ẹni tó ń kà á tó sì yé e. Irú ìpín báyìí ni àjọ Pratham ní Íńdíà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkàwé wọn, kíláàsì yòówù tí ọmọ ì báà wà. Ó máa ń ká olùkọ́ láyà nígbà àkọ́kọ́, torí ẹ óò rí ọmọ Pírámárì Kẹta ní ipele kìn-ín-ní. Ẹ má pa á mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ìṣòro kan ṣoṣo

Nínú kíláàsì tèmi, àmì ohùn ni. Àwọn ọmọ mọ a, b, d, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn ìwé dọ́gba lẹ́nu wọn, bí ẹni ń ka iye owó. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́ yóò dé iwájú ìwé Yorùbá, yóò di àlejò. Ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ ju pátákó lọ, torí pátákó kì í sọ̀rọ̀.

Àwọn áàpù tó wà káàkiri, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, ọ̀pọ̀ òbí sì rò pé ohun tó dára náà nìyẹn. Ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ̀wé ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà yín lójú rú pé ẹ̀rọ tó ń sọ Yorùbá kì í ṣe ọ̀làjú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irinṣẹ́

Fóònù Android kan tó ń gba ohùn sílẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ti sán. Mẹ́mọ́rì káàdì. Sìpíkà Bluetooth kékeré kan tí ohùn rẹ̀ lè dé ìjókòó tó kẹ́yìn. Ẹ gbé e lọ sínú kíláàsì tó kún kí ẹ tó san gbogbo owó rẹ̀, torí èyí tó ń dún gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù lè dákẹ́ níwájú ọmọ márùnlélógójì. Páwábáńkì 20,000 mAh kan. Bó bá jẹ́ ojúlówó, yóò kún fóònù 5,000 mAh lẹ́ẹ̀mejì dáadáa, ìyẹn sì gbé ọ̀sẹ̀ kan tí iná kò wá. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì gún un. Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ń bi mí nípa ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. N kò gbà yín níyànjú. Fèrèsé kíláàsì wa kò ní aṣọ, oòrùn aago mẹ́wàá yóò pa àwòrán náà rẹ́, jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé e yóò sì bo ohùn yín mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá nílò àwòrán ńlá, ẹ ya á sórí páálí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé

Gbogbo ohun tí ẹ máa lò ní kíláàsì gbọ́dọ̀ ti wà nínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má gbójú lé íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìwé. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé táblẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ girama, ohun kan tí mo gbóríyìn fún nínú rẹ̀ ni pé ìwé ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Fún ìwé ìtàn, ẹ lọ sí ìkànnì African Storybook tàbí StoryWeaver. Àwọn méjèèjì ní ìwé àwòrán fún ọmọdé, Yorùbá wà lára àwọn èdè wọn, wọ́n sì gbà wá láyè láti gbà á sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí a sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka ìwé kọ̀ọ̀kan tán fúnra yín ná. Mo ti rí èyí tí àmì ohùn rẹ̀ kò pé, àti èyí tí Yorùbá rẹ̀ ń rùn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi bírò tún un ṣe lórí bébà tí ẹ tẹ̀, kí ẹ tó gbé e fún ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀. Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ jí ní kùtùkùtù kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, torí aṣọ ń gba ìró tí ògiri ń dá padà. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ tí a nà, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí èémí má baà máa fẹ́ sí i. Ẹ ka gbólóhùn kan, ẹ dákẹ́ tó àkókò tí ọmọ máa fi tún un sọ, kí ẹ tó ka èkejì. Ẹ má jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tí ẹ óò tètè rí: “01 ọkọ”, “02 igbá”, “03 Àdùkẹ́”. Olùkọ́ tó ń wá fáìlì níwájú ọmọ márùnlélógójì, ìṣẹ́jú méjì péré, kíláàsì ti di ọjà.

Nítorí pé fóònù yín náà ni ìkìlọ̀ báńkì àti ọ̀rọ̀ ẹbí ń wọlé sí, ẹ fi sí ipò ọkọ̀ òfúrufú, lẹ́yìn náà kí ẹ tan Bluetooth padà. Nínú ètò ààbò Android, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní App pinning tàbí Screen pinning. Bí ẹ bá tan án, tí ẹ sì yan pé kó máa béèrè nọ́ńbà àṣírí kó tó tú, ọmọ kò ní lè jáde kúrò nínú ohun tí ẹ ṣí fún un láìní nọ́ńbà àṣírí yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, ìṣẹ́jú 40 ni.

Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí pátákó láìfi àmì ohùn sí i: oko kọ́ o, ọkọ ni, pẹ̀lú àmì ìdí lábẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ mélòó ni wọ́n rí. Wọ́n ní ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n dijú. Mo tẹ sìpíkà: *ọkọ*, *ọkọ́*, *ọkọ̀*, *ọ̀kọ̀*. Mo tún bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ mélòó ni wọ́n gbọ́. Kíláàsì máa ń dàrú níbí, ẹ má bínú. Ẹnìkan á ní bàbá ọmọ, ẹnìkan á ní èyí tí wọ́n fi ń roko, ẹnìkan á ní dáńfó. Ọ̀kọ̀ ni wọn kì í sábà mọ̀. Mo máa ń ya á fún wọn, irú èyí tí ọdẹ ń jù. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde lẹ́nu wọn ni mo tó fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì pé kí wọ́n wá fi àmì yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn fúnra wọn ló rí i pé àmì ní iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí a fi ọwọ́ ṣe é: ọwọ́ nílẹ̀ fún dò, ọwọ́ ní àyà fún re, ọwọ́ lókè orí fún mí. Mo tẹ ohùn, wọ́n gbé ọwọ́. N kò sọ̀rọ̀ rárá ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Nítorí pé ẹ̀rọ ló ń pe ọ̀rọ̀, ojú mi ráyè láti wo àwọn ọmọ: ta ló ń wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbé tirẹ̀? Èyí ni èrè tó tóbi jù tí mo rí nínú fóònù. Ó lè pe ọ̀rọ̀ kan nígbà ogún láìrẹ̀ ẹ́, ó sì dá ojú mi sílẹ̀ fún ọmọ.

Nígbà náà ni ọmọ kan yóò jáde wá ka gbólóhùn mẹ́ta, fóònù yóò gbà á sílẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ fún un kó gbọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ọmọbìnrin kan gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dákẹ́, ó ní, “Àǹtí, ọkọ̀ ni mo pè, ọkọ́ ló wà níwèé.” N kò tíì sọ nǹkan kan. Òun ló bá ara rẹ̀ wí, òun ló tún un kà. Kí ẹ má ṣe tọ́ka àṣìṣe kí ọmọ tó gbọ́ ọ, ẹ kàn bi í pé, “Kí lo gbọ́?”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ pa ẹ̀rọ. Kí wọ́n ka bébà, kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì. Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ bá parí, ẹ̀rọ ni wọ́n á rántí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí fóònù kan kárí ọmọ márùnlélógójì

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ márùn-ún, ọmọ mẹ́sàn-án ní ẹgbẹ́ kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Ẹtì. Ogún ìṣẹ́jú ni ẹgbẹ́ náà yóò fi jókòó ti fóònù, tí àwọn yòókù yóò ní iṣẹ́ tó dá dúró: ìwé ìtàn tí ẹ tẹ̀, káàdì ọ̀rọ̀, tàbí àdàkọ. Ẹ lẹ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà bẹ̀bẹ̀.

Ẹ yan ẹni tí yóò mú fóònù, kí ẹ sì máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tó lágbára jù ni yóò máa mú un títí táàmù yóò fi parí. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ìtòsí sìpíkà ni kó jókòó. Mo ti rí ọmọ tí a ń pè ní olódo fún ọdún méjì tó jẹ́ pé kò gbọ́ràn ni. Ọmọ ipele kìn-ín-ní àti ọmọ ipele kẹrin kò gbọdọ̀ máa ṣe iṣẹ́ kan náà lórí fóònù. Ìpín tí ẹ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù

Kolibri ni kí ẹ wò, áàpù ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àjọ Learning Equality ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi sínú láptọ́ọ̀pù níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ nínú àkójọ rẹ̀ (àwọn ìtàn African Storybook wà níbẹ̀), kí ẹ gbà á sílẹ̀. Ní ilé-ìwé, ẹ tan hotspot fóònù kan, ẹ pa dátà rẹ̀, ẹ so láptọ́ọ̀pù àti àwọn fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì yòókù mọ́ ọn. Kí ẹ wá tẹ àdírẹ́sì tí Kolibri bá fi hàn sínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Ohun gbogbo á ṣí láìjẹ dátà. Ó tún máa ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù lè fi Raspberry Pi ṣe é, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ tí páwábáńkì tó dára sì lè gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín tò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ilé

Ní 2020, nígbà tí kòrónà ti ilé-ìwé pa, àwọn olùṣèwádìí ní Botswana dán ohun kan wò: ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́sì kan pẹ̀lú ìṣirò lọ́sẹ̀, àti ìpè fóònù bí ogún ìṣẹ́jú sí òbí àti ọmọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n pè mọ ìṣirò sí i. Tẹ́ẹ́sì nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ohùn ènìyàn ló ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ìyá tó ń tajà. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Kẹ́hìndé. Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí ó ka ojú ìwé kejì fún yín. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ kàn gbọ́. Bí kò bá dún bí ọ̀rọ̀ wa, ẹ ní kó tún un kà.” Ìyá tí kò lọ ilé-ìwé rí mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ. Ẹni tó ń lo fóònù kékeré, ẹ pè é lẹ́yìn tí ọjà bá tú.

Kí ẹ tó gba ohùn ọmọ tàbí àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ rárá, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé. Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023 sọ̀rọ̀ nípa ìyọ̀ǹda òbí lórí détà ọmọdé. Ẹ má gbé ohùn ọmọ tó ń ṣàṣìṣe sí gúrúùpù òbí; ẹ̀sín ni, ọmọ náà kò sì ní lanu mọ́. Mo máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, àfi èyí tí òbí bá béèrè fún.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ tún wọ̀n ọ́n

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde. Ìtàn mìíràn tó gùn tó ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò, kó má baà jẹ́ pé wọ́n ti há a sórí. Aago kan náà, irú ìbéèrè kan náà. Ẹ fi iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Bí àwọn ipele kìn-ín-ní kò bá kúrò níbi tí wọ́n wà, fóònù kọ́ ni wọ́n nílò. Ẹ padà sí lẹ́tà, sí yanrìn àti ìka, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń kà á ṣùgbọ́n kò yé wọn, ẹ dín gbígbọ́ kù, kí ẹ fi ìtàn sísọ àti ìbéèrè kún un.

Èyí tó bá ṣiṣẹ́, ẹ fi Bluetooth gbé fáìlì rẹ̀ fún olùkọ́ kíláàsì tó kàn yín, pẹ̀lú ìwé ipele àwọn ọmọ, kí ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó bá ń lò ó. Ohùn tèmi wà nínú fóònù olùkọ́ mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ti pa á tì, ó ti gba ti ara rẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkìtì ni wọ́n ti wá, bí mo sì ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kan kò bá etí wọn mu.